Ìwé Hólídé Kì Í Ṣe Ìwé Lẹ́sìn

Ìgbàgbọ́ kan ti rinlẹ̀ ní Rẹ́mọ, láti Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́, láti Ìpẹru dé Ìṣarà, débi pé ojú ọ̀tá ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń wo ẹni tó bá takò ó. Ìgbàgbọ́ náà ni pé bí ilé ìwé bá ti fún ọmọ ní hólídé gígùn ní ìparí oṣù Keje, ìwé kíláàsì tó ń lọ ni òbí tó gbọ́n gbọ́dọ̀ rà fún un. Ọmọ tó ń lọ JSS 2, kó ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò JSS 2. Ọmọ tó ń lọ SS 3, kó máa fi ìbéèrè Wáèkì àti ti Jámù àtẹ̀yìnwá sùn, kó máa fi jí. Ìwé ìtàn ńkọ́? Ìyẹn di ìgbà tó bá yege tán. Bí ìwé ìtàn náà bá tún wá jẹ́ ti Yorùbá, wọ́n á ní ṣé ó fẹ́ fi í wọ yunifásítì ni.

Mo takò ó pátápátá. Ìgbàgbọ́ yìí ń ba àwọn ọmọ wa jẹ́. Ó ń sọ wọ́n di ẹni tó lè wá ìdáhùn kàn nínú ojú ewé méjì, àmọ́ tí kò lè jókòó ti igba ojú ewé. Ó ń kọ́ wọn pé ìyà ni ìwé, pé ọjọ́ tí ìdánwò bá tán ni ìyà náà tán. Ìwé ìtàn ló yẹ kí ọmọ máa kà ní hólídé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni kó fi yàn án. Èdè Yorùbá ló sì yẹ kí púpọ̀ nínú wọn jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo lẹ́sìn hólídé, tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ kíláàsì tó ń lọ. Ilé ìwé tó padé ní Fúráìdé, Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ló tún ṣí, ó kàn ti gba orúkọ tuntun ni. Tíṣà kan náà ni, bẹ́ǹṣì kan náà, pátákó kan náà. Tíṣà tó ti ń kọ́ni láti oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá, tí ó ti rẹ̀, tó jẹ́ pé owó oṣù tí kò tó ló lé e wá síbẹ̀, á kọ nóòtì sí pátákó, ọmọ á dà á kọ. Bí ilé ìwé bá wọlé padà, tíṣà kíláàsì tuntun á tún bẹ̀rẹ̀ nóòtì yẹn láti òkè, nítorí gbogbo ọmọ kọ́ ló lọ lẹ́sìn. Ọmọ tó lọ á jókòó gbọ́ ohun tó ti gbọ́, yóò sì máa sùn. Èyí tí kò lọ kò pàdánù ohunkóhun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti lọ, owó ti lọ.

Ká tilẹ̀ gbà pé tíṣà náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, bí ọmọ ṣe ń ka ìwé kíláàsì ṣì jẹ́ ìṣòro. Ìdáhùn ló ń wá níbẹ̀. Bó bá ti rí i, ó ti pa ìwé dé nìyẹn. Ẹnu kì í sì yá sí ìwé kíkà bẹ́ẹ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti pàdé ọ̀rọ̀ kan náà lọ́nà púpọ̀, lẹ́nu àwọn èèyàn oríṣiríṣi, nínú gbólóhùn kúkúrú àti gígùn, kó tó di pé kò dúró mọ́ láti pè é. Ìwé kíláàsì kò gùn tó ìyẹn. Ìtàn nìkan ló lè mú ọmọ ọdún mọ́kànlá ka ọ̀ọ́dúnrún ojú ewé láìsí ẹgba lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí.

Àwọn kan ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Richard Allington àti Anne McGill-Franzen, olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 17 ní ìpínlẹ̀ Florida, níbi tí ọmọ tálákà pọ̀ sí. Bí hólídé gígùn bá kù díẹ̀, wọ́n á pàtẹ ìwé síwájú àwọn ọmọ, wọ́n á ní kí kálukú mú èyí tó wù ú. Ìwé 12 ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń kó relé lọ́fẹ̀ẹ́, ọdún mẹ́ta léraléra. Ìwé nípa àwọn olórin àti àwọn eléré tí ọmọdé ń tẹ̀ lé wà lára ohun tí wọ́n ń mú. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2010, àwọn ọmọ tó gba ìwé ti ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ìdánwò ìwé kíkà, àǹfààní wọn sì tó èyí tí ọmọ ń rí nínú lẹ́sìn hólídé níbẹ̀. Àwọn tó tálákà jù ló jèrè jù. Kí òbí tó ń tọrọ owó lẹ́sìn káàkiri ní Ṣágámù tún ìyẹn kà. Ìwé méjìlá tí ọmọ fúnra rẹ̀ yàn ṣe iṣẹ́ tí tíṣà àti pátákó ń ṣe.

Àwọn tí mo ń bá jiyàn fẹ́ràn láti fi Awólọ́wọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Wọ́n á ní, ẹ wo ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ìwé ló fi dèèyàn. Òótọ́ ni, ó sì kà fún ìdánwò. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, 1909. Bàbá rẹ̀ kú ní 1920. Ilé ìwé ń já mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí owó. Ó fúnra rẹ̀ kàwé títí ó fi gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, kó tó rìnrìn àjò lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. N kò ní bu ìyẹn kù. Àmọ́ ìdánwò wo ló ń dúró dè é ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàlàbá? Oṣù Kẹsàn-án 1963 ni wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún un. Kò sí oyè tó kù láti gbà, kò sí ẹni tí yóò máàkì ìwé fún un, síbẹ̀ inú ẹ̀wọ̀n yẹn ló ti kọ Thoughts on Nigerian Constitution tó jáde ní 1966. Ẹni tó jẹ́ pé ìdánwò ló ń lé e kàwé, ọjọ́ tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni yóò pa ìwé tì. Ilé ìkàwé rẹ̀ wà ní Ìkẹ́nnẹ́ títí di òní, orúkọ bàbá rẹ̀, Ṣópólú, ló ń jẹ́. Kí àwọn tó ń dárúkọ rẹ̀ fún ọmọ mú ọmọ náà débẹ̀ wò ní hólídé, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé àgbàlagbà tí kò ní ìdánwò kankan ló ń ra ìwé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kejì, Táí Ṣólàrín, dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní, 1956. Gbogbo Nàìjíríà ló mọ̀ pé ọmọ Mayflower ń dáko, ń sin ẹran, ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́lé. Ẹni tó gbé ọkọ́ lé ọmọ ilé ìwé lọ́wọ́ kò gbà pé inú nóòtì nìkan ni ẹ̀kọ́ wà. Ó yà mí lẹ́nu pé nínú ìlú ọkùnrin yìí gan-an ni òbí ti ń bẹ̀rù pé ọmọ tí kò jókòó níwájú pátákó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti ṣòfò.

Ẹnì kẹta wà, tí Ìṣarà jẹ́ ìlú bàbá rẹ̀. Nínú Aké, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, tó jáde ní 1981, ó sọ bí òun kò ṣe tíì pé ọdún mẹ́ta tí òun fi kó ìwé bàbá òun mọ́wọ́, tí òun tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n òun lọ sí ilé ìwé, láìsí ẹni tó rán òun. Inú ìwé yẹn kan náà ni ìrìn àjò ẹbí wọn sí Ìṣarà nígbà ọdún tuntun wà, pẹ̀lú bàbá àgbà rẹ̀, oko, ejò, àti gbẹ́rẹ́ tí wọ́n sín fún un. Ìwé hólídé ní Rẹ́mọ nìyẹn, ọmọ Rẹ́mọ ló kọ ọ́. Mélòó nínú àwọn ọmọ tó ń lọ Ìṣarà ṣọdún lọ́dọọdún ni ẹnì kan ti fi ìwé náà lé lọ́wọ́?

Mo dé orí ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù, èyíinì ni ìwé Yorùbá. Ní oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà èdè tó jáde ní 2022, èyí tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ní àgbègbè tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò. Mo kà á, inú mi bàjẹ́, nítorí ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nílẹ̀ yìí tipẹ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ìwé St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí ọdún mẹ́fà pé, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò sì sá fún wọn.

Nígbà tí ìjọba ti wá ti ilẹ̀kùn kíláàsì mọ́ èdè wa báyìí, ibo ló kù tí ọmọ yóò ti máa kà á? Hólídé ló kù. Kò sí ìlànà kankan láti Àbújá tó lè sọ ìwé tí ọmọ yóò mú lọ sí ẹ̀yìnkùlé ní oṣù Kẹjọ. Ọwọ́ wa ló wà. Ìpínlẹ̀ tí a sì ń gbé yìí ni wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́, ní Abẹ́òkúta, ní 1859. Ìtìjú ńlá ni fún Rẹ́mọ pé ọmọ tó ń gboyè jáde níbẹ̀ lè máà tíì ka ìwé Yorùbá kan tán láyé rẹ̀, àfi èyí tí Wáèkì fi ṣe dandan fún un.

Wọ́n á ní ìwé Yorùbá ò dùn fún ọmọ ayé ìsìnyí. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì fi ìwé Kọ́lá Akínlàdé han ọmọ. Ọmọ Ayétòrò ni Akínlàdé, ìpínlẹ̀ Ògùn yìí náà. Ó dá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Akin Olúṣínà, ó sì fi í tú àṣírí ìpànìyàn àti olè nínú Owó Ẹ̀jẹ̀ àti àwọn ìwé mìíràn. Ẹ fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá ní Ta Ló Pa Ọmọ Ọba ní àárọ̀, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ó rántí fóònù kó tó di ọ̀sán. Fún ọmọ tó dàgbà díẹ̀, Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí wà níbẹ̀ láti 1969, pẹ̀lú Lápàdé tó ń lé ọ̀daràn kiri. Yorùbá inú ìwé yẹn mú bí abẹ. Kékeré Ẹkùn ti Afọlábí Ọlábímtán, ọmọ Ìlaròó, wà. Ogún Ọmọdé ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá wà, èyí tí mo gbà pé bàbá àti ọmọ lè jọ kà kí àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Àmì ohùn tí ọmọ ń bẹ̀rù kò tó nǹkan. Kí àgbà kan kà á sókè fún un ní ojú ewé mẹ́wàá àkọ́kọ́. Etí ọmọ ti mọ èdè náà, ojú rẹ̀ ló kù kó bá a.

Fágúnwà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé ni kì í jẹ́ kí ìwé rẹ̀ wọlé, wọ́n ní iwin àti ẹbọra kún inú rẹ̀, pé yóò ṣí ojú ọmọ sí òkùnkùn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àlùfáà. Kí àwọn tó ń sọ ọ́ mọ̀ pé ilé ìtàwé ìjọ CMS ló tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Tíṣà ilé ìwé ìjọ ni Fágúnwà, onígbàgbọ́ ni, ìwàásù sì pọ̀ nínú ìwé rẹ̀ débi pé òun gan-an ló lè sú ọmọ, iwin kọ́. Àwọn àlùfáà ìgbà náà kò bẹ̀rù ìtàn. Àwa ọmọ ọmọ wọn, tí fíìmù tí ọmọ ń wò lórí fóònù burú ju Àgbákò inú ìwé náà lọ, la wá ń fi Fágúnwà pamọ́.

Irú ìbẹ̀rù yìí náà ló ń darí ìwé tí a ń yàn fún ọdún. Bó bá di àwẹ̀ àti Ìléyá, ìwé àdúrà. Bó bá di Kérésì, ìwé àdúrà. N kò lòdì sí àdúrà. Ohun tí mo lòdì sí ni pé kí ọmọ Rẹ́mọ máa la ọdún kọjá lọ́dọọdún láìmọ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ń ṣe. Nínú ilé kan náà ní Ṣágámù, ìyá lè jẹ́ ìmàle, bàbá á jẹ́ ọmọ ìjọ, bàbá àgbà á sì ní ojúṣe nínú orò. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ni Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, àárín gbùngbùn hólídé ló bọ́ sí, ìpínlẹ̀ Ògùn náà sì ti fún wa ní ìsinmi nítorí rẹ̀. Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá tí Wándé Abímbọ́lá kó jọ ti wà lórí àtẹ láti 1968. Kí ọmọ ìmàle àti ọmọ ìjọ gbọ́ ìtàn kan nínú rẹ̀ ní ọjọ́ náà, kí wọ́n mọ bí ewì àwọn baba wọn ṣe rí. Ìyẹn kò ní sọ wọ́n di babaláwo, bí Aláàdìn kò ṣe sọ ẹnikẹ́ni di Lárúbáwá. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ yìí kan náà ni ọjọ́ ìbí Táí Ṣólàrín, ní 1922, ẹni tí kò ṣe ẹ̀sìn kankan, tó sì fi ilé ìwé tó ti ń ṣe ọ̀gá tẹ́lẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Àròkọ rẹ̀ May Your Road Be Rough, tó jáde ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1964, ni mo fẹ́ kí ọmọ SS kọ̀ọ̀kan ní Ìkẹ́nnẹ́ kà ní ọdún tuntun, dípò ká máa fi káàdì àti àsọtẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí ara wa. Ní alẹ́ orò, tí obìnrin kì í jáde, ìyá àti àwọn ọmọbìnrin wà nínú ilé pẹ̀lú iná tàbí láìsí iná. Àsìkò ìwé kíkà sókè nìyẹn, bí a bá ti fi ìwé pamọ́ sílé ṣáájú.

Mo mọ ẹni tí yóò bínú sí mi jù. Ìyá tó ń ṣa obì ni, tàbí èyí tó ń tajà ní ọjà Awólọ́wọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Yóò ní, ìwọ tó ń kọ̀wé yìí, ta ni yóò máa wo ọmọ mi bí kò bá lọ lẹ́sìn? Ó jàre. Ìdí pàtàkì tí lẹ́sìn fi ń gbèrú nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sọ ọ́: ibi tí ọmọ yóò jókòó sí, tí mọ́tò kò ní gbá a, tí àwọn ọmọ ìta kò ní bá a ṣọ̀rẹ́. N kò ní sọ fún un pé kó mú ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a yí ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ padà. Kí tíṣà ka orí kan nínú ìwé ìtàn sókè fún wọn ní àárọ̀, kí kálukú mú ìwé tirẹ̀ kà títí di ọ̀sán, kí wọ́n jáde lọ ṣeré. Iṣẹ́ náà rọ tíṣà lọ́rùn ju kíkọ nóòtì lọ. Owó tí òbí ogún bá san fún ọ̀sẹ̀ kan á ra ìwé tí ogún ọmọ yóò máa gbà lọ́wọ́ ara wọn kà, àlòkù tàbí tuntun, ìwé náà yóò sì wà síbẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní, 1955 mọ èyí. Ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún yẹn lé ní 800,000, kò sì tán síbẹ̀ lójú wọn. Ẹ̀ka ìtẹ̀wé wà lábẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn, Fágúnwà wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń tẹ Àwòrẹ́rìn-ín jáde fún àwọn ọmọdé ní Yorùbá, kí ọmọ tó bá ti mọ̀wé kà lè rí ohun tí yóò pa á lẹ́rìn-ín. Ìjọba tó tálákà ju ti òde òní lọ ló náwó sórí ẹ̀rín ọmọdé.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti yan ìwé, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó kéré jù tàbí pé ó tóbi jù fún un. Bó bá kà á dé ìdajì tí kò wù ú mọ́, kó gbé e sílẹ̀, kó mú òmíràn. Ẹ má ṣètò ìbéèrè dè é. Ẹ má bi í pé ẹ̀kọ́ wo ló rí kọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ mú ìwé kan kó rí yín pẹ̀lú rẹ̀, kó má jẹ́ fóònù nìkan.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé ní Ṣágámù, ní Ìkẹ́nnẹ́, ní Ìlíṣàn: yàrá ìkàwé wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ìwé yín, ọjọ́ tí hólídé bẹ̀rẹ̀ gan-an lẹ sì ń fi àgádágodo tì í, tí èkúté àti ikán ń ka ìwé náà títí di oṣù Kẹsàn-án. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé tíṣà kan tó fẹ́ràn ìwé lọ́wọ́, kó máa ṣí i láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan, kó jẹ́ kí ọmọ mú ìwé lọ sílé, kẹ́ ẹ sì san owó fún un nínú owó lẹ́sìn.